Ẹni tó ti jáde nínú kòtò ló mọ ọ̀nà: Ẹ jẹ́ ká fún àwọn tí ara wọn ti yá níṣẹ́ nínú ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí wèrè bá tilẹ̀ sàn, èyí tí a ó máa fi dẹ́rù ba ọmọdé kò ní ṣàì kù. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí láàárín wa, ì báà ṣe ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Pọ́bẹ̀ tàbí ará Àjàṣẹ́. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, a sì máa ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ lónìí. Kí ni òwe yìí ń sọ fún ẹni tó ṣàìsàn ọpọlọ, tó gba ìtọ́jú, tí ara rẹ̀ sì ti yá? Ó ń sọ fún un pé kò sí ohun tó lè ṣe tí a ó fi gbà pé ó ti sàn. Bó bá bínú, a ó ní ó ti tún dé. Bó bá dákẹ́, a ó ní ó ti tún dé. Bó bá ń wá iṣẹ́, a ó ní kó lọ sinmi ná.

Èrò tiwa ni pé ohun tó ṣẹ́kù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìdẹ́rùbà. Ìmọ̀ ni. Ìmọ̀ náà sì wúlò fún ètò ìlera wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, bí a bá lè gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa zémidjan. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó là ń sọ. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú wa. Kó lè ṣiṣẹ́ wọ òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tramadol. Nígbà tó yá, ó ń fi sodabi lé e. Oorun dá lójú rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó ń rò pé àwọn ará ilé fẹ́ pa òun. Àwọn ẹbí gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, owó ń lọ, wọ́n wá gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un lóògùn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ilé tó padà sí ńkọ́? Wọ́n ti ta alùpùpù rẹ̀ láti fi san owó ìtọ́jú. Ìyàwó ti kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn aládùúgbò á pe ọmọ wọn wọlé. Oògùn tó ń lò ń mú un sùn lọ́sàn-án, ó ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kò sì mọ̀ pé òun lè sọ fún dókítà kó bá òun pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó dín in kù. Nítorí náà ó dá oògùn dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ tó kù fún un kò ju àwọn tó wà nídìí sodabi lọ. Kí oṣù mélòó kan tó pé, àwọn ará ilé tún ti ń wá okùn tí wọn yóò fi dè é.

Nínú gbogbo ìrìn yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a pàdé: oníṣègùn, wòlíì, dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n, ìyá. Olúkúlùkù ló fẹ́ kó sàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè wò ó lójú kó sọ pé: «Èmi náà gbọ́ ohùn yẹn rí. Èmi náà kórìíra oògùn yẹn. Wò mí, mo ń ṣiṣẹ́ mi, mo ń sùn lórí ibùsùn mi.» Ibi tí àlàfo wà nìyẹn. Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń dí i.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n ti sọ dídí àlàfo yìí di iṣẹ́. Ẹni tó ti la àìsàn ọpọlọ kọjá, tàbí tó ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí àti oògùn olóró, á gba ẹ̀kọ́, á gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á sì gbà á síṣẹ́ kó máa ran àwọn tó ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. A ó máa pè é ní alábàárìn nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, nítorí pé ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń bá èèyàn rìn. Kì í ṣe dókítà. Kì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá oògùn dúró. Ó ń tẹ̀ lé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ àdéhùn, ó ń ràn án lọ́wọ́ láti sọ ohun tó ń ṣe é fún dókítà láìbẹ̀rù. Ó ń jókòó ti àwọn ẹbí, ó ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun àti aláìsàn á jọ ṣètò bí ọjọ́ yóò ṣe máa lọ: àkókò oorun, àkókò iṣẹ́, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé ọjà láìkọjá níwájú ilé ọtí. Wọ́n á jọ mọ àwọn àmì tó máa ń ṣáájú àìsàn náà, bí àìsùn òru mẹ́ta tàbí ìfura tí kò nídìí, kí wọ́n lè sáré síta kó tó di ariwo.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní Bicêtre lẹ́bàá Paris, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jean-Baptiste Pussin. Aláìsàn ló jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn tirẹ̀ kì í ṣe ti ọpọlọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, títí tó fi di alábòójútó ẹ̀ka tí wọ́n kó àwọn alárùn ọpọlọ sí. Pussin máa ń mú òṣìṣẹ́ láàárín àwọn tó ti ṣàìsàn tí ara wọn ti yá. Ní 1797, ó tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lára àwọn tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Orúkọ Dókítà Philippe Pinel ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Pinel fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé òun kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ Pussin. Ẹ wò ó bí ó ti pẹ́ tó: dókítà ńlá jókòó sí ẹ̀bá ẹni tó ti jẹ́ aláìsàn rí, ó sì gbọ́n sí i.

Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson, tí ọtí ti ba òwò rẹ̀ jẹ́, pàdé dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, tí òun náà kò lè fi ọtí sílẹ̀. Wilson ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń bá ọ̀mùtí mìíràn sọ̀rọ̀, ọwọ́ tòun náà kì í na sí ìgò. Láti inú ìpàdé àwọn méjì yẹn ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, tó wà káàkiri ayé lónìí. Ní 1999, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí kò rí jájẹ, san owó iṣẹ́ àwọn alábàárìn. Òun sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Faransé náà bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 2012. «Médiateur de santé pair» ni wọ́n ń pe òṣìṣẹ́ náà lọ́hùn-ún.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, gbé jáde ní 2018 lè jẹ́ ká mọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú èèyàn 441 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ti ọpọlọ. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn ló gba ìwé kan náà, tó ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀. Ti apá kan, ìfìwéránṣẹ́ ló gbé e wá fún wọn. Ti apá kejì, alábàárìn ló bá wọn jókòó tì í, ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ṣètò fún un. Láàárín ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ìwé nìkan tẹ̀ lọ́wọ́, 38 ló padà sí ìtọ́jú pàjáwìrì. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní alábàárìn, 29 ni. Ìwé kan náà ni o. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó gbé e wá.

A kò sọ pé idán ni. 29 kì í ṣe òfo, àwọn ìwádìí mìíràn sì wà tó fi hàn pé àwọn alábàárìn kò dára ju àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ, wọn kò sì burú jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ ti ṣọ̀wọ́n bíi tiwa, ǹjẹ́ a lè máa da irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nù?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ní Kampala, olú ìlú Uganda, ilé ìwòsàn ọpọlọ Butabika ti kọ́ àwọn tó gba ìtọ́jú níbẹ̀ rí kí wọ́n máa lọ bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wò nílé wọn. Èyí tó tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílẹ̀. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, lọ sí Bouaké ní Côte d'Ivoire nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ títún táyà ọkọ̀ ṣe. Ó rí owó, ó ní ọkọ̀ tasín, ohun gbogbo sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, débi pé ó rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nígbà tó jàjàbọ́ nínú ìyẹn, òun àti àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan ní 1983 tó ń bẹ àwọn aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n wò. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Saint-Camille-de-Lellis ti wá. Ní àwọn ọdún 1990, ó yíjú sí àwọn tó ń rìn ní ìhòòhò lójú títì àti àwọn tí ẹbí so mọ́ igi. Kò kàwé dókítà. Lónìí ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ní Côte d'Ivoire, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Ọ̀kan wà ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Trust ní Nàìjíríà fi oyè Ọmọ Áfíríkà tó ta yọ jù fún ọdún 2015 dá a lọ́lá.

Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ọkùnrin yìí tú. Ohun tó jọ wá lójú jù ni àwọn tó fi ṣe òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní àwọn ibùdó náà ló ti jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n gbé wọlé pẹ̀lú ọgbẹ́ okùn lọ́wọ́ ló wá ń wẹ̀ fún ẹni tuntun, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan nínú wọn kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan di alábòójútó ibùdó. Bí ìdílé bá gbé ọmọ wọn wá, tí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó gba ẹrù lọ́wọ́ wọn ti wà nínú irú ipò yẹn rí, kò sí ìwàásù tó lè ṣe ju ìyẹn lọ fún wọn.

Nítorí náà, a ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe lórí ilẹ̀ wa. Ohun tó kù ni kó má jẹ́ iṣẹ́ àánú nìkan, kó di ara ètò ìlera ìjọba.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àtakò, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Wọn yóò ní: bí àìsàn alábàárìn fúnra rẹ̀ bá padà dé ńkọ́? Ó lè padà dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru dókítà náà lè ga, àtọ̀gbẹ nọ́ọ̀sì náà lè le. Ìsinmi la máa ń fún wọn, a kì í lé wọn lọ. Kí a ṣètò ìsinmi fún alábàárìn náà, kí ó ní nọ́ọ̀sì kan tó ń tẹ́tí sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má dá nìkan gbé ìrora èèyàn ogún.

Wọn yóò tún ní: ṣé kì í ṣe pé ìjọba fẹ́ fi aláìkàwé rọ́pò dókítà ni? Ẹ̀rù yìí bà wá náà. Bí alábàárìn bá wà, tí oògùn kò sí, òfo ni. Bí alábàárìn bá wà, tí nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú ọpọlọ kò sí, a kàn ti ẹnì kan síwájú ogun láìfún un ní ohun ìjà. Alábàárìn ń kún iṣẹ́ dókítà ni, kò lè gba ipò rẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ibí yìí la ti máa ń ṣàṣìṣe jù. A fẹ́ràn kí a máa pe irú iṣẹ́ yìí ní ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ta alùpùpù rẹ̀, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun la fẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìgba owó? Ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, àjọ mothers2mothers ti ń ṣiṣẹ́ láti 2001: àwọn ìyá tó ní kòkòrò HIV ni wọ́n ń kọ́, tí wọ́n sì ń san owó oṣù fún, kí wọ́n lè máa gba àwọn aboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in nímọ̀ràn. Nígbà kan, ojú tí a fi ń wo ẹni tó ní HIV kò sàn ju èyí tí a fi ń wo alárùn ọpọlọ lọ. Owó oṣù yẹn ṣe ju oúnjẹ lọ. Ó sọ fún gbogbo ìlú pé òṣìṣẹ́ ni ẹni yìí.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Kí a má ṣe máa gbé àwọn tí ara wọn ti yá sórí pèpéle bí ohun ìwòran. Ní ìlú kékeré, bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde, ó lè ba ìgbéyàwó ọmọ ẹni jẹ́, ó lè lé oníbàárà kúrò nídìí ọjà ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, kó sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́, nígbà tó fẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, tó kàn fẹ́ padà sí oko rẹ̀, kí a jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn bá sì bá alábàárìn sọ, kó má dé ẹnu ọ̀nà.

Kí ni a wá ń béèrè? Àkọ́kọ́, kí ilé iṣẹ́ ìlera ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣètò ẹ̀kọ́ kúkúrú tó ní ìwé ẹ̀rí fún àwọn alábàárìn, ní Faransé àti ní èdè abínibí. Ẹni tó ń sọ ohun tó rí nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, èdè tó fi lá àlá ni yóò fi sọ ọ́. Ìkejì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí aláìsàn pọ̀ sí, bí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Jacquot ní Kútọnu àti èyí tó wà ní Zébé ní Aného. Kí aláìsàn kankan má jáde níbẹ̀ láìmọ orúkọ ẹni tí yóò wá kí i nílé. Ìkẹta, a ti ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí a ń pè ní «relais», tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé nítorí ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí a fi àwọn alábàárìn kún wọn, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ ọpọlọ lè di ọ̀rọ̀ ìlera bíi ti ibà. Ìkẹrin, kí wọ́n máa gba owó oṣù, bó ti wù kó kéré mọ, kó sì máa dé lásìkò.

Àwọn ọba wa, àwọn olórí àdúgbò, àwọn àlùfáà, àwọn ìmáàmù, àwọn babaláwo, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ẹbí ń kọ́kọ́ sáré wá. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní ìlú yín tó ti bọ́ nínú àìsàn yìí, ẹ pè é jókòó kí ẹ tó pe ẹni tó ní okùn. Bó bá gbà, ẹ jẹ́ kó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Kó tún bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ìyá náà sì nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ọ̀nà ṣì wà.

Àwọn àgbà kan náà tó pa òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló tún sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí a bá pa á, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé kí a wo ẹni tó ṣubú, kí àwa má ṣubú. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ẹni tó jìn sí kòtò, tó sì jáde, mọ ibi tí ọwọ́ lè dì mú, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Kò yẹ ká fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọdé. Ó yẹ ká fún un ní fìtílà, ká fún un ní owó oṣù, ká sì ní kó padà lọ mú ẹni tó kù wá.